Aṣọ́lé tí Kirihata Fi Di Gbajúmọ̀

Ní ìlú Yaizu ní Japan, àlejò nìkan ni kò mọ Kirihata Shunpei. Àwòrán rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀sì, ó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì, àwọn abiyamọ sì ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Japan títí, ó gbá a dé Yúróòpù kó tó fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, góòlù tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tó gbá wọlé nígbà tó ṣì wà nílé ìwé girama, ní àṣekágbá ìdíje ìgbà òtútù tí gbogbo Japan máa ń wò. Pẹ́nátì ni. Aṣọ́lé fò sápá òsì, Kirihata sì rọra gbá bọ́ọ̀lù sáàárín bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

Makabe Tsuneo ni aṣọ́lé ọ̀hún. Láti ọjọ́ náà ló ti di ìran àpéwò. Níbi tó ti ń yan ẹja, àwọn èèyàn á wá bá a ya fọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ nawọ́ sápá òsì díẹ̀."

Á rẹ́rìn-ín, á nawọ́, inú rẹ̀ á sì máa ta á bí ata. Midori, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kì í jẹ́ kó yọjú sílé ìwé òun nítorí yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdágbére fún Kirihata, wọ́n ránṣẹ́ pe Makabe pé káwọn méjèèjì wá tún pẹ́nátì ọjọ́ náà ṣe, kó wá fò sápá òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ̀sí wo ló tún kù?

"Bàbá Midori, ẹ má lọ," Hatsue ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ṣé èyí tí wọ́n ti ń fi yín ṣe ò tíì tó ni?"

"Mo máa lọ. Ìwọ àti Midori náà, ẹ wá."

Kò sọ fún un pé òun fẹ́ mú bọ́ọ̀lù náà lójú ọmọ òun.

Lọ́jọ́ náà, pápá kún fọ́fọ́. Kirihata bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Makabe, ẹ ṣé gan-an. Apá òsì o, ẹ má gbàgbé."

"Ṣé èèyàn ń gbàgbé ìyẹn ni?"

Kirihata gbá a. Makabe ò mira. Bọ́ọ̀lù bà lé e láyà, ó sì dì í mú.

Àwọn èrò ò hó lé e lórí, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan kàn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn àwọ̀n pé, "Kí ló ń ṣe bàbá yìí? Ó ti ba ayẹyẹ ọmọlọ́mọ jẹ́."

"Ọwọ́ yín ṣì dáa, Ẹ̀gbọ́n," Kirihata ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Makabe gbójú sókè síbi táwọn èrò jókòó, ó ń wá Midori, ó fẹ́ rí i bóyá ó ń pàtẹ́wọ́. Hatsue ló kọ́kọ́ rí. Ó ti dìde, ó ń tẹrí ba fáwọn tó wà níwájú, ó ń tẹrí ba fáwọn tó wà lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ọrùn Midori, ó ń tẹ orí ọmọ náà wálẹ̀ mọ́ tirẹ̀.