Ta Ló Pe Àwọn Ará Adó?

Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó bá ní èmi ti ń fura jù, kó lọ bi àwọn tí kò fura léèrè bí tiwọn ṣe rí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn dókítà kan nílùú wa, tí kò jìnnà sí Iye. Dókítà, èmi, àti ìyá tó ń gbálẹ̀, kò sẹ́lòmíì. Ọmọ ìlú ni dókítà. Ìbàdàn ló ti kàwé, ó sì padà wálé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ sókè òkun.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ láti Adó lọ́jọ́bọ̀ láti wá yẹ ilé ìwòsàn wa wò, bóyá ó mọ́, bóyá a ń ṣiṣẹ́ bó ṣe tọ́. Bí wọ́n bá rí ohun tí kò dáa, wọ́n lè tì í pa. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì ìbẹ̀wò yẹn, ni dókítà fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí àbúrò mi obìnrin. Abẹ náà ni wọ́n fi gbé àkọ́bí rẹ̀ jáde, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ rọbí èkejì. Bí wọ́n bá ti ilé wa pa, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó ló kù, bẹ́ẹ̀ kòtò ni ọ̀nà ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo ní, "Ta ló lọ pè wọ́n, sà?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ṣé dandan ni kí ẹnì kan pè wọ́n?"

Mi ò gbà. Ejò lọ́wọ́ nínú. Kí dókítà tó dé, baba oníkẹ́míìsì tó wà lódìkejì ọ̀nà ló ń gún gbogbo ìlú lábẹ́rẹ́. Láìpẹ́ sí àkókò yẹn, a ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan láti Ìpáò, ojú abẹ rẹ̀ di ọyún, ó sì pẹ́ kó tó jinná. Mo ní baba yìí ló gbọ́, òun ló lọ ròyìn wa. Nígbà tó kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ojú òjò.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ́kọ́ yà lọ wo àbúrò mi. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ti gbọ́ pé àwọn ará Adó ń bọ̀, wọ́n sì ti fọ ilé ìwòsàn tán. Bí wọ́n ṣe máa ń fọ ṣọ́ọ̀ṣì bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó garawa àti búrọ́ọ̀ṣì wá, ìyá tó ń gbálẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ilẹ̀ ń dán, ògiri ń dán.

Olórí wọn ní, "Uṣẹ́ wa rèé o, nọ́ọ̀sì."

Mo dúpẹ́. Kí n tó ráyè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ọkọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màdámù àgbàlagbà kan àti ọkùnrin gíga kan ló sọ̀ kalẹ̀. Mo ní àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ lèyí. Mo gbé mínírà fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Màdámù wo ibùsùn, ó wo abẹ́ ibùsùn. Nígbà tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ó dúró síwájú agolo irin tí a ń kó irinṣẹ́ sí.

Ó ní, "Téèpù dà?"

Téèpù kan wà tí a máa ń lẹ̀ mọ́ agolo yẹn kí a tó gbé e sínú ìkòkò tí a fi ń fi ooru pa kòkòrò ara irinṣẹ́. Bí ooru bá mú un dáadáa, ìlà dúdú á yọ lára téèpù náà, òun sì ni ẹ̀rí wa. Èmi ni mo se agolo yẹn lánàá, ojú mi ló sì rí ìlà náà. Àmọ́ àwọn ìyá ìjọ ti rí ohun dúdú lára agolo funfun, wọ́n ní ìdọ̀tí ni, wọ́n bó o, wọ́n fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀.

Mo ṣàlàyé. Màdámù wo dókítà, dókítà wo èmi. Kì í ṣe ojú ẹni tí ẹnu yà. Ojú ẹni tó ti ń retí rẹ̀ ni.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ máa wò mí." Mo lẹ téèpù tuntun, mo bu omi, mo tan sítóòfù. Wọ́n jókòó tì mí. Láti ojú fèrèsé, mo ń rí àbúrò mi lórí bẹ́ǹṣì níta, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Ó wá gbọ́ bóyá wọ́n máa tì wá pa. Nígbà tí mo gbé agolo jáde, ìlà dúdú ti yọ kedere.

Màdámù ní, "Tìẹ dáa, nọ́ọ̀sì. Omi wo ni dókítà fi ń fọwọ́?"

Omi táńkì òjò ni, èyí tí dókítà fúnra rẹ̀ gbé sórí òpó lẹ́yìn ilé, tó máa ń fi yangàn. Àwọn ìyá ìjọ fọ gbogbo nǹkan, wọn ò gun òkè. Ọkùnrin gíga yẹn gùn ún. Atẹ́gùn ti sún ìdérí rẹ̀. Ó fi igi yọ alángbá kan jáde, ó ti kú tipẹ́, awọ rẹ̀ ti ń bó.

Màdámù ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Dókítà, ẹ ṣeun tí ẹ wá pè wá."

Mo yíjú sí dókítà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Wọn ò tì wá pa. Wọ́n ní ká fọ táńkì, ká máa se omi ìfọwọ́ títí wọn yóò fi padà wá. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, mo bá dókítà ní yàrá rẹ̀. Ọwọ́ méjì péré ló ń kan irinṣẹ́ nílé yẹn, tirẹ̀ àti tèmi. Kì í ṣe tirẹ̀ ló lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní Adó.

Mo ní, "Ẹ̀ bá bi mí, sà."

Ó ní, "Bí mo bá bi ọ́, wàá ní o sè é, màá sì gbà ọ́ gbọ́. Àbúrò rẹ ni mo fẹ́ fi abẹ kàn. Mi ò fẹ́ gbà gbọ́, mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ó dùn mí wọra. Nígbà tí mò ń lọ sílé, baba oníkẹ́míìsì kí mi, mo sì kí i padà, àmọ́ mi ò tíì yé ṣọ́ ọ.

Àbúrò mi yè, ọmọ rẹ̀ yè, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí dókítà tó mú abẹ ni mi ò lè gbàgbé. Àbúrò mi ti sùn lórí tábìlì. Èmi ni mo se omi, èmi ni mo ń bù ú sí dókítà lọ́wọ́. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, kò lọ sídìí tábìlì. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi, ó dúró.

Mo wò ó láti orí ìka dé ìgúnpá. Mi ò kánjú.

Mo ní, "Ẹ tún un fọ̀, sà."

Ó tún un fọ̀.