Ọjọ́ Méjì Tí Kí-Ló-Wà-Ńbẹ̀ Lò Nílùú Àjèjì

Òkú tí Kí-Ló-Wà-Ńbẹ̀ bá wọn sin nílùú àjèjì, kò mọ̀ ọ́n rí. Kò mọ bàbá ẹ̀, kò mọ ìyá ẹ̀, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè tí wọ́n fi ń ṣàdúrà lé e lórí. Síbẹ̀, àga iwájú ló jókòó sí, láàárín opó àti àbúrò òkú, ó sì nujú lẹ́ẹ̀mẹta. Káfíńtà ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí aláǹgbá, ló kà á.

Kóòtù ló gbé e débẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni Kí-Ló-Wà-Ńbẹ̀ ṣe nígbà ayé ẹ̀, ó sì dá a lójú pé ẹni tó mọ aṣọ kì í béèrè ọ̀nà: wo èjìká kóòtù, wàá mọ ibi tẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ń lọ. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, káfíńtà ní káwọn fi bébà àdírẹ́sì ilé táwọn wá wò, tó wà lọ́wọ́ òun, han ọlọ́pàá tó dúró níkòríta. Télọ̀ wo ọlọ́pàá náà látòkè délẹ̀, ó yínmú.

"Ẹni tẹ́sẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, òun ni kó wá júwe ọ̀nà fún mi?"

Ọkùnrin kan ń kọjá lọ nígbà náà, kóòtù dúdú ọrùn ẹ̀ jókòó sí i léjìká bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Télọ̀ ní irú kóòtù yìí, ibi táwọn èèyàn pàtàkì ti ń wo nǹkan pàtàkì ló ń lọ. Wọ́n tẹ̀ lé e gba títì mẹ́ta, wọ́n wọ gbọ̀ngàn kan. Kí káfíńtà tó rí pósí níwájú, télọ̀ ti jókòó. Ó ń juwọ́ sí i pé kó dìde, télọ̀ ò wò ó. Nígbà tí wọ́n tò láti dágbére fún òkú, òun náà tò. Ó bojú wo inú pósí, ó mirí, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú bọ́tìnnì òkú tí wọ́n dè sódì, ó tún un dè. Opó tí ò tíì sunkún látàárọ̀ bá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó bú sẹ́kún. Ìgbà tí wọ́n máa fi tú u sílẹ̀, aago mẹ́rin ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá.

Aago mẹ́rin gan-an sì ni wọ́n ń ti ilé àtijọ́ tí káfíńtà torí ẹ̀ jókòó nínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí mọ́kànlá. Ó wà nínú bébà ọwọ́ ẹ̀: Sátidé, aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, Sọ́ńdè, wọn kì í ṣí. Aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè ni bọ́ọ̀sì wọn sì ń padà sílé.

Àtẹ̀gùn onígi kan ló wà nínú ilé náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni ọ̀gá tó kọ́ káfíńtà níṣẹ́ fìka yà á sínú eruku pákó, pé ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín títí dókè àjà, kò sí òpó tó gbé e dúró, kò sí ìṣó kan lára ẹ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ tó bá fojú ara ẹ̀ rí i ló tó kọ́ṣẹ́ tán. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ kú láìrí i.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi retí òní," ni káfíńtà wí fún un lójú títì. "O gbé e fún òkú."

"Òkú náà mọyì ẹ̀," ni télọ̀ dá a lóhùn. "Bọ́tìnnì ẹ̀ ti tọ́."

Ta ló tiẹ̀ ní kí káfíńtà mú télọ̀ dání? Ògiri kan ló la ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì láàárín fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sì sí ohun téèyàn fi hàn án tí ò ní béèrè pé kí ló wà ńbẹ̀. Bó ṣe jorúkọ nìyẹn. Wọ́n gbé ọmọ tuntun hàn án rí, ó ní, "Kí ló wà ńbẹ̀? Èèyàn ni." Nílùú àjèjì, ẹnu ẹ̀ tún wá mú sí i. Gbogbo ayé ń gun ilé gogoro àárín ìlú láti wo ìlú látòkè, télọ̀ ní atẹ́gùn ló wà lókè, atẹ́gùn sì wà nílẹ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lórí afárá gígùn kan láti bú u. Ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wọn ní yàrá òkè, ó kọ̀, ó ní òun ti rí kọ́tìnnì òkè látìta, òun ò lè sùn sábẹ́ irú ìránkúrán bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún wọn ní tìsàlẹ̀. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́ dáadáa, ó ti tú etí kọ́tìnnì ìsàlẹ̀ náà, ó ti tún un rán. Káfíńtà kọjú sí ògiri, kò kí i.

Télọ̀ ló ní kí wọ́n ṣáà lọ sílé àtijọ́ náà. Wọ́n dé ilé náà láago mọ́kànlá. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sórí àpótí. Káfíńtà bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ júwe àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ júwe bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ṣọ́ ń mirí. Télọ̀ ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó yí ẹ̀ṣọ́ ká bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ rà, ó pòṣé, ó ti ìka bọ abíyá kóòtù iṣẹ́ ọkùnrin náà, níbi tó ti ya. Ẹ̀ṣọ́ gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lábẹ́ kọ́là ara ẹ̀, ó nawọ́ pé kó bọ́ kóòtù wá. Ogún ìṣẹ́jú ló lò. Ẹ̀ṣọ́ wọ̀ ọ́ padà, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè bí olè tọ́wọ́ tẹ̀, ó tún gbé e, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀gá ò parọ́. Káfíńtà fọwọ́ pa igi náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ó ní kí télọ̀ jẹ́ káwọn jọ gùn ún. Télọ̀ jókòó sórí pákó àkọ́kọ́ lára àtẹ̀gùn náà, ó ní kí ló wà lókè tí ò sí nílẹ̀. Ni káfíńtà bá ń gùn ún lọ lóun nìkan, ó ń ka ìgbésẹ̀, ó ń fìka wá ìṣó. Kò rí ìṣó. Nígbà tó di mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí orí ẹ̀ kan àjà, ó bojú wolẹ̀ láti pe ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Télọ̀ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja orí ilẹ̀, ó fọwọ́ di àyà mú. Ẹ̀ṣọ́ gbé omi sí i lẹ́nu, òógùn sì bò ó nínú òtútù àárọ̀ yẹn. Káfíńtà dúró sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pọ̀: ilé gogoro, ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí afárá, yàrá ìsàlẹ̀, àga ilé òkú tí ò fẹ́ dìde lórí ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ lára ògiri, kò gbọ́ èyí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ó ń húkọ́, kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè ráyè pa ẹnu dé. Nígbà tó máa délẹ̀, télọ̀ ti tún kọ́là ẹ̀ ṣe.

"Ó yá, sọ fún mi. Kí lo rí?"

Káfíńtà wo ìkarahun ìgbín ńlá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Igi ni," ló wí. "Igi lásán."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀ṣọ́ fi bá a rín in. Ó ròyìn ẹ̀ fún èèyàn mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n sì délé, kò sí ẹni tí ò gbọ́ ládùúgbò pé káfíńtà fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Oṣù keje lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn àyà náà pa télọ̀.

Bí wọ́n bá bi káfíńtà léèrè àtẹ̀gùn yẹn lónìí, igi lásán náà ló ń wí. Ìyàwó ẹ̀, tó ti rí i lẹ́ẹ̀mẹjọ tó ń fìka yà á sínú eruku pákó, ní kó sọ òótọ́ báyìí, ṣebí ẹni tó ń pa á mọ́ fún ti lọ. Káfíńtà ní rárá o, òun ò ní í dójú ti ọ̀rẹ́ òun níbi tó wà yẹn. Ó dájú pé télọ̀ ti ròyìn ẹ̀ fún gbogbo wọn lọ́run.