Ìrìn Tí Ọmọ Mi Gbé Ti Èkó Dé

Èmi kì í yára gba ènìyàn gbọ́, ọmọ bíbí inú mi gan-an kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti Èkó dé sí Kàbà fún ìsinmi, kò tíì kí mi tán tí mo ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjú sí ọ̀tún, ti òsì kọjú sí òsì. Ijó báléè ló ń kọ́ níbẹ̀, ijó tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ dúró jó, ó sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ọmọ díẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ọdún méjì ló fi wá àyè rẹ̀.

Mo gúnyán, ó bu òkèlè mẹ́ta, ó ní òun ti yó. Ó ń sá àwọn àkísà funfun kan sẹ́yìn ilé, níbi tí ojú ò tó. Láàárọ̀, kí n tó dáná, ó ti jáde. Mo bi í níbo ló ń lọ, ó ní òun ń lọ na ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa láti Ìyárà, ó wo ìrìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, ó sì sọ ọ́ sí mi létí: "Àbúrò, ọmọ yìí ò dá rìn o."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Inú bí mi, ojú sì ti ń tì mí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Mo pe olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù, mo ní ọmọ mi kò ní padà wá mọ́. Obìnrin náà bi mí bóyá ó dá mi lójú, torí àwọn tó ń dúró de àyè pọ̀. Mo ní ó dá mi lójú. Mi ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan, mi ò fẹ́ kó purọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo fẹ́ rí ọkùnrin tó fún un lóyún lójúkojú. Ó wọ kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí ilé wa, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ọmọ mi nìkan ló di irin fèrèsé kejì mú, ó yí ẹsẹ̀ méjèèjì síta, ó gun orí ìka ẹsẹ̀, ó ń ka ení, èjì wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó bọ́ bàtà, ó tú àkísà funfun kúrò lára ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló rí mi. "Ìyé, okun o," ó kí mi bí a ti ń kí ìyá ẹni ní Kàbà. "Ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ máa kọjú síta báyìí ni. Tí mo bá jẹ́ kó padà, wọn á lé mi."

Mi ò tíì délé tí mo fi pe olùkọ́ náà. Ó ní wọ́n ti fún ọmọ mìíràn ní àyè rẹ̀.

Mi ò lè sọ fún un. Ó ń jáde láràárọ̀, èmi ń se omi gbígbóná de ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó gbójú sókè, ó wò mí títí, bí mo ṣe wo òun lọ́jọ́ tó dé.

"Ìyé," ó ní, "kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi?"