Apá Òsì Ìwé Bàbá

Bí mo bá ti fi mọ́tò gbé bàbá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa délé ní Plano, ní Amẹ́ríkà níbí, wọn á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, wọn á nù ún gbẹ, kí wọ́n tó ṣí ìwé àtijọ́ wọn. Ìtàn ìdílé àwọn ará Iceland ayé ọjọ́un ni: èdè wọn gan-an wà lápá òsì, Látìn tó túmọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Látìn tí bàbá kọ́ nílé ìwé girama ni wọ́n fi ń kà á. Wọn á wá fìka tọ́ apá òsì tí wọn ò lè kà.

“Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnu ọ̀nà lèmi dúró sí.”

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ sọ́sibítù, ọmọ-ọmọ wọn àti ìyá rẹ̀ wá kí wọn lójú mi. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ki oríkì ìdílé fún un títí èémí fi fẹ́ẹ́ tán nínú wọn.

Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀. “Mom, what did Grandpa say?”

“He says he loves you.”

Gbogbo oríkì yẹn! Ó bí mi nínú.

Bàbá, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wa lọ, wojú mi.

“Ṣé o rí i? Ẹnu ọ̀nà lọmọ yìí náà dúró sí.”