Ọwọ́ Tí Òkété Ìyá Mi Mọ̀

Nígbà tí ìjà gba gbogbo etí odò wa, tí ilé wa ní Awoye jóná, ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi rí gbé wọ ọkọ̀ ojú omi: òkété tó ń sìn nínú agbọ̀n. Ó wá bá mi nílé ọkọ mi ní Òde Mahin, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo dé o." Inú mi dùn sí i gan-an. Òkété yẹn ní tirẹ̀, ọbẹ̀ ni mo rí.

Kò pẹ́ tí ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín, kò jẹun mọ́. Oníkẹ́míìsì fún wa ní oògùn olómi, ó ní bí kò bá mu ún, yóò kú. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe rò lọ, torí kò sí nǹkan mìíràn tí ìyá mi mú bọ̀ láti ilé.

A fi oògùn sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jẹ ibi tí oògùn kò dé. A pò ó mọ́ epo, ó yíjú. Mo ki sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó bù mí jẹ.

"Iye, ẹ jẹ́ ká sè é kó tó kú dànù!" ni mo wí fún ìyá mi.

Ìyá mi na ọwọ́ sí òkété; òkété gbóòórùn ọwọ́ náà, ó fà sẹ́yìn. Ni ìyá mi bá gbé ọwọ́ ọ̀hún sí imú ara rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọṣẹ ló ń rùn lọ́wọ́ mi. Ulé ló ń wá."

Òótọ́ ni, òórùn ilé ni òkété ń wá. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, èéfín kì í kúrò ní ìka rẹ̀. Èmi ni mo ní kó jókòó, kó sinmi. Ẹja sì ti wọ́n, torí ìbọn ń dún lójú odò. Ìyá mi dìde, ó lọ bẹ obìnrin aládùúgbò wa kan tó ṣì rí díẹ̀ yan, pé kó jẹ́ kí òun bá a yan án lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá aláyan ní Awoye, ó ń yí ẹja ẹlẹ́ja lórí iná títí di ìrọ̀lẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Mo dúró, mò ń wò ó, orí mi ń wú.

Nígbà tó délé, ó da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́. Òkété sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn, ó lá a tán, ó tún ń lá ìka rẹ̀ lọ.

"Ó mọ̀ mí," ni ìyá mi wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omijé lójú rẹ̀ látọjọ́ tó ti dé nìyẹn.

Títí oògùn fi tán, kò jẹ́ kí ọṣẹ kan ọwọ́ náà. Ìyá tó máa ń fi àwọn tó ń fi ṣíbí jẹun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣíbí ló fi ń jẹ òkèlè púpurú nílé mi.