Bàbá Ẹ-Sọ̀kalẹ̀ ní Ìdí Òkè Ẹtu

Bí àlejò bá wọ Fìdítì tí ó béèrè ilé Bàbá Jóẹ́lì Àbọ̀dé, ọmọ tí ó bá pàdé lè kọ́kọ́ dúró ronú. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ilé Bàbá Ẹ-Sọ̀kalẹ̀, kíá ni wọn yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ náà kì í ṣe èébú, Jóẹ́lì náà kò sì bínú sí i rí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni Jóẹ́lì ti ń fi alùpùpù gbé èrò àti ẹrù láàárín Fìdítì àti àwọn abà tí ó wà lẹ́yìn àwọn òkè. Ó ní oko ọsàn, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n alùpùpù ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Kò bìkítà fún ọ̀nà ọ̀dà tí ó gba Ìlọrà lọ sí Ọ̀yọ́. Lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó lè wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni tirẹ̀: ọ̀nà tóóró tí ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́, tí ó la odò kékeré kan kọjá, tí ó sì gun Òkè Ẹtu lọ sí abà tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀yìn-Òkè.

Òkè náà le. Àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni fi ọkọ́ kọ ebè, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún inú poro náà. Nítorí èyí ni àwọn tí ń gba ibẹ̀ ṣe ní àṣà kan. Bí alùpùpù bá ti dé ìdí òkè, níbi tí igi ọ̀pẹ méjì dúró sí, èrò yóò sọ̀kalẹ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ. Ẹni tí ó ń wa alùpùpù yóò dá gùn ún, yóò sì dúró de èrò rẹ̀ lókè. Àwọn oní-alùpùpù yòókù máa ń fojú fo àwọn èèyàn ńlá. Jóẹ́lì kì í fojú fo ẹnikẹ́ni. Ó sọ pásítọ̀ kalẹ̀, ó sọ baálẹ̀ kalẹ̀, ó sì sọ Rákélì ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, nígbà tí wọn kò tíì ṣe ìgbéyàwó tán dáadáa. Yóò kọ́kọ́ kí olúwarẹ̀, yóò béèrè àlàáfíà ilé, yóò wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó ní ohun tí ó rí kí ó tó le bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ọlọ́runfẹ́mi, gbé bàbá ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀nà yìí ní ọjọ́ kan, ojú sì tì í láti sọ fún àna rẹ̀ pé kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Wọn kò tíì dé ìdajì òkè tí táyà iwájú fi kúrò nílẹ̀. Àna, iṣu àna, àti Ọlọ́runfẹ́mi alára, gbogbo wọn yí gbirigbiri padà sí ìdí ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n bàbá náà tiro fún ìgbà pípẹ́, ó sì máa ń tiro jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkígbà tí Ọlọ́runfẹ́mi bá wọlé.

Nísinsìnyí, orúnkún Jóẹ́lì kò gba ọ̀nà òkúta mọ́. Alùpùpù náà wà ní ẹ̀yìn ilé lábẹ́ aṣọ, ó sì ń nù ún ní àràárọ̀ Sátidé bí ẹni tí ó fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ó wà tí ìjọba fi gbé iṣẹ́ Dọ́káàsì, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, láti ilé-ìwé tí ó ti ń ṣe tíṣà ní Ìlọrà lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀yìn-Òkè. Inú Dọ́káàsì dùn sí i, nítorí wọ́n sọ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ní tíṣà kíláàsì kìíní. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí ń lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí bàbá rẹ̀ kò bá yọ̀ǹda alùpùpù fún un, kò sí bí yóò ṣe gba iṣẹ́ náà. Jóẹ́lì fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bí a ti ń wà á, lórí pápá, nígbà tí ó wà ní ọmọ ilé-ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí ó béèrè, ohun tí bàbá sọ ni pé àwọn méjèèjì yóò kọ́kọ́ jọ lọ sí Ẹ̀yìn-Òkè.

Kì í ṣe ọwọ́ ọmọ náà ni ó ń ṣiyèméjì sí. Ìtìjú rẹ̀ ni. Dọ́káàsì ni ẹni tí ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ìyá àgbà kan lọ́jà ti da tòmátì tí ó ti jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀ ọmọ náà lójú ara rẹ̀ rí, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì rù ú wálé. Jóẹ́lì mọ̀ pé àwọn àgbà Ẹ̀yìn-Òkè yóò máa dá tíṣà dúró lójú ọ̀nà pé kí ó gbé àwọn, yóò sì máa gbé wọn. Ta ni yóò wá bá a sọ ọ̀rọ̀ ìdí òkè fún wọn? Ó sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún Rákélì nìkan. Bí ọmọ náà bá gbé òun gun Òkè Ẹtu láì sọ òun kalẹ̀, alùpùpù yóò padà sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Òun kò sì ní rán an létí.

Rákélì ń gé ilá lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ọmọ tí ẹ kọ́ ní ìtẹríba láti kékeré, òun ni ẹ wá fẹ́ kó máa sọ bàbá rẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà?"

Jóẹ́lì dìde. Ó ní òun ń wá akoto òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n di àpò ọsàn kan mọ́ iwájú, nítorí ènìyàn kì í ti Fìdítì dé ilé ẹlòmíràn lọ́wọ́ òfo nígbà ọsàn. Jóẹ́lì wá jókòó sẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti ra alùpùpù náà. Kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó gbé ọwọ́ sí. Ní gbogbo kọ́nà ni ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ó ní kí ó tẹ jíà kejì, Dọ́káàsì ní òun ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó fọn fèrè, fèrè ti ń dún kí ó tó sọ ọ́ tán. Àwọn tí ń ro oko ẹ̀gẹ́ na ọwọ́ sí wọn, wọ́n ń béèrè ẹni tí ó gba ọkọ̀ mọ́ bàbá lọ́wọ́. Jóẹ́lì ń dá wọn lóhùn pé òun ti di ọ̀gá, òun ti gba dẹ́rẹ́bà.

Ní etí odò, Dọ́káàsì dúró. Ó wo omi náà dáadáa, ó ní kí bàbá òun gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì rọra la odò náà kọjá láì ta omi sí ṣòkòtò rẹ̀. Inú Jóẹ́lì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìdí tí wọ́n fi jáde. Ìgbà tí ó rí orí igi ọ̀pẹ méjì náà lọ́ọ̀ọ́kán ni ó rántí.

Àwọn obìnrin mélòó kan ń sinmi lábẹ́ ọ̀pẹ pẹ̀lú ẹrù gààrí wọn. Ìyá Ṣùkúrù, ìyálóko kan ní Ẹ̀yìn-Òkè tí Jóẹ́lì ti gbé láìmọye ìgbà, wà láàárín wọn. Dọ́káàsì dẹ ìrìn, ó tẹ orí ba kí wọn. Ó sì kọjá ọ̀pẹ.

Inú Jóẹ́lì bàjẹ́. Ó rí iṣẹ́ Ẹ̀yìn-Òkè tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, òun gan-an sì ni yóò gbà á. Ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú gírígírí. Ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni alùpùpù ti dúró. Dọ́káàsì ń tún okùn akoto rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni okùn náà kò tú. Jóẹ́lì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ń wá òjò.

Nígbà tí ó ṣe, Dọ́káàsì pa ẹ́ńjìnnì alùpùpù, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di alùpùpù náà mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ náà tòun ti akoto lórí.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Èmi?" ni Jóẹ́lì wí. "Lórí máṣíìnì ara mi? Orúnkún mi ńkọ́?"

"Orúnkún yín ni mo ń rò. Bí mo bá bì yín ṣubú níhìn-ín, èwo ni ẹ ó fi rìn wálé? Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nídìí ọ̀pẹ, ojú ló tì mí lójú àwọn ìyá yẹn. Ẹ máa rọra bọ̀, mo ń dúró dè yín lókè."

Jóẹ́lì sọ̀kalẹ̀. Ó ń bojú jẹ́, kí ọmọ náà má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Dọ́káàsì gun òkè náà bí ẹni tí ń gùn ún lójoojúmọ́, ó dìde dúró díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ níbi tí ó ga jù, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ.

Láti ìdí ọ̀pẹ ni Ìyá Ṣùkúrù ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó ní òun yóò sin bàbá gun òkè.

"Bàbá Ẹ-Sọ̀kalẹ̀, ẹ kú ẹsẹ̀ rírìn o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà kí ojú mi rí èyí."

Òun ni ó ń fi ibi tí gbòǹgbò wà fún ọwọ́ láti dì mú hàn án, àti ibi tí ẹsẹ̀ kì í ti yọ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, ó mú un jókòó lórí òkúta pẹrẹsẹ kan tí ó ti ń dán nítorí ìjókòó ènìyàn. Jóẹ́lì ní òun kò mọ̀ pé òkúta bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Ṣùkúrù ní báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n, Àga Jóẹ́lì ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti sọ àwọn kalẹ̀ tí àwọn bá gùn ún dé ibẹ̀, àwọn a jókòó, àwọn a bú u tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ni àwọn á tó gòkè lọ bá a, tí àwọn á sì kí i pé ó ṣeun.

Jóẹ́lì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó rí òrùlé Fìdítì nísàlẹ̀, ó rí ilé-ìjọsìn wọn, ó sì rí igi ọsàn tí ó tò lọ bí ẹni pé wọ́n fi okùn ta á. Ní gbogbo ọdún tí ó fi ń gun òkè yìí, òkúta iwájú táyà nìkan ni ó ń wò.

Ní Ẹ̀yìn-Òkè, wọ́n gba ọsàn tayọ̀tayọ̀. Bàbá arúgbó kan tí ó ń jẹ́ Ṣàmsúdéènì bó ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, tíṣà tí ó ní alùpùpù ni àwọn ń wá. Ṣé yóò máa gbé òun dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun ní Fìdítì? Jóẹ́lì yíjú sí Dọ́káàsì. Dọ́káàsì kúnlẹ̀, ó ní òun yóò máa gbé bàbá nígbà tí ààyè bá wà, ṣùgbọ́n ní Òkè Ẹtu, bàbá yóò máa sọ̀kalẹ̀.

Bàbá Ṣàmsúdéènì wo ọmọ, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì mi orí.

"Kò sí àní-àní," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ bí i."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Jóẹ́lì ti sọ̀kalẹ̀ ní orí òkè kí Dọ́káàsì tó la ẹnu. Ó ní kí ó máa lọ dúró nídìí ọ̀pẹ, òun fẹ́ jókòó díẹ̀ lórí àga òun.

Rákélì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo eruku pupa tí ó bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì mọ̀. Dọ́káàsì fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Jóẹ́lì ti ń wọlé lọ. Ó ní kí ó fi í sínú àpò ara rẹ̀, kí ó má sì gbàgbé láti máa nu alùpùpù ní Sátidé. Omi gbígbóná ni òun ń wá, orúnkún òun ti ṣiṣẹ́ lónìí.