Ilẹ̀kùn Tí Tọ́ńtọ̀n Gbẹ́ fún Mùséè

Èéfín èèpo kajú kì í ṣe èéfín tí ènìyàn ń fà símú lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tí o dàgbà ní Tchaourou bí èmi, o mọ̀ ọ́n: á ta ojú, á há ọ̀fun, aṣọ tó bá sì wọ̀, ó di ìfọ̀ kẹta kó tó jáde. Òun ló kún ẹ̀yìn ilé wa lọ́dún tí mùséè Parakú, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí, ní kí tọ́ńtọ̀n mi, àbúrò bàbá mi, gbẹ́ ilẹ̀kùn ńlá kan wá. Láti Tchatchou dé Alafiarou, kò sí ẹni tí kò mọ àwọn ilẹ̀kùn tó ń gbẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè é ní àtíìsìtì, oníṣẹ́ ọnà, rí. Nígbà tí obìnrin tó ń darí mùséè pè é bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni mo ń bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo sì ti ju ọmọ ogún ọdún lọ. Kí ikán má baà jẹ igi, a máa ń sun èèpo kajú nínú ìkòkò irin, a ó gbọ́n epo dúdú tó bá yọ, a ó sì fi pa igi náà. Epo yẹn burú. Àwọn obìnrin tó ń fọ́ kajú nítòsí rẹlùwéè kì í fọwọ́ kàn án láìfi eérú pa ọwọ́, nítorí ó ń bó ènìyàn lára. Tó bá jẹ oòrùn oṣù kan gbáko, ó parí, kò lè ṣe nǹkan mọ́. Bọ́ọ̀n, òjò ò jẹ́ ká rí oòrùn, ọkọ̀ mùséè sì dé lọ́jọ́ kẹsàn-án tí a fi epo pa igi náà. Mo fi ewé kan igi náà, ewé lẹ̀ mọ́ ọn.

"Tọ́ńtọ̀n, kò tíì gbẹ o."

"Ṣé ilé ẹnìkan ló ń lọ ni? Ní mùséè, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. A fi àpò wé ọwọ́, a gbé e sọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ títí a fi dé Parakú.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà dúró láàrin yàrá funfun kan, kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì, iná sì tàn sí i láti òkè. Iná yẹn gbóná. Kí ó tó pẹ́, mo rí i tí igi ń làágùn, omi dúdú róbótó róbótó. Àwọn ará Parakú káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń rìn yí i ká, wọ́n ń ya fọ́tò, bí tọ́ńtọ̀n ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ àwọn ará ilé wa dé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí tọ́ńtọ̀n àti bàbá mi, ló ṣáájú. Yéè! Nílé wa, ta ló ń dé ẹnu ọ̀nà láìgbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn kó tó kí sálámà? Èmi àti tọ́ńtọ̀n ti ro ti àlejò, a ò ro ti ara wa. Mùséè ni o, ọjà ni o, ilẹ̀kùn ni ìyá àgbà rí. Ó lọ tààrà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún ọmọ rẹ̀. Obìnrin mùséè náà tẹrí ba.

O mọ ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe tí àdúà bá parí. Èmi náà mọ̀ ọ́n níbi tí mo dúró sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàrin wa. Ǹ bá kígbe. Ṣùgbọ́n ta ló ń já àdúà gbà lẹ́nu àgbà, níwájú àlejò pàápàá? Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi. Ìkà kọ́ ni mí, ojú ló kàn tì mí. Mo wo tọ́ńtọ̀n, tọ́ńtọ̀n ń wo ilẹ̀.

"Ọlọ́hun, ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí, má jẹ́ kó ṣìṣe láéláé."

Gbogbo wa ní àmín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú rẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Kò ké. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó béèrè pé, "Kí ló ń ta mí lójú báyìí?" Èmi ni mo sáré bu omi, mo wá ọṣẹ, mo kúnlẹ̀, mo ń wẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ti wú. Lọ́jọ́ kẹta, awọ ń bó. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́ láti ìgbà náà.

Tọ́ńtọ̀n kò gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́. Nílé, wọ́n ní ayé ló ṣe é, àwọn kan ní kádàrá ni. Àwa méjèèjì tí a mọ̀ ọ́n, a dákẹ́. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní mùséè, wọ́n ti fa okùn yí i ká báyìí, ó sì ti gbẹ, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Èmi ò tíì sọ̀rọ̀ rárá.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ kí ìyá àgbà. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú níwájú àlejò, á ní ọmọ tó sáré bu omi fún òun rèé, nígbà tí gbogbo àwọn tó kù lanu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á ṣàdúà fún mi, ọ̀kan náà ni nígbà gbogbo: kí Ọlọ́hun ṣe fún mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe fún òun. Àwọn ènìyàn á máa wò mí, wọ́n á máa retí kí n ṣe àmín. Mo máa ń ní àmín, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.